Orúkọ Tí Mo Sọ Láti Ẹ̀yìn Kọ́tìnì

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kí ọ̀fun mi tó pa mí lẹ́nu mọ́. Dókítà ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wọn yóò gé ohun tó wú sí mi lọ́fun, àti pé bí mo bá tilẹ̀ là á já, ohùn mi kò ní bá mi padà wálé. Mo rẹ́rìn-ín níwájú rẹ̀. Kí ló fẹ́ fi dẹ́rù bà mí? Ohùn tí mo ní náà, ṣé ohùn ni? Kò dé orí àga kejì rí nínú gbọ̀ngàn eré. Ṣùgbọ́n ohùn kékeré yìí náà ló tú ilé kan ká, tó sọ obìnrin rere di ẹni tó ń bẹ̀rù ẹnu ara rẹ̀, tó sì sọ ọmọ tó ní bàbá di ọmọ tí kò ní. Mo ti gbìyànjú láti fẹnu sọ ọ́, ẹ ó gbọ́ ibi tó já sí. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ ọ́ báyìí, tìbínú-tìbínú ni mo sì fi ń kọ ọ́.

Aránnilétí ni wọ́n ń pè mí nínú ẹgbẹ́ òṣèré wa. Iṣẹ́ mi ni kí n jókòó sẹ́yìn kọ́tìnì lápá òsì ìtàgé, kí n di ìwé eré mú, kí n máa fojú bá ọ̀rọ̀ lọ. Bí òṣèré kan bá dákẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ, èmi ni n ó sọ ọ̀rọ̀ tó kàn sí i, wúyẹ́wúyẹ́, kí òun nìkan gbọ́. Òṣèré tó gbàgbé ọ̀rọ̀ dà bí ẹni tó ń rì sómi: ohunkóhun tó bá bọ́ sí i lọ́wọ́ ni yóò dì mú. Ohun tó bá ti ẹ̀yìn kọ́tìnì wá, ẹnu rẹ̀ ti sọ ọ́ kí ọkàn rẹ̀ tó gbọ́ ọ. Gbogbo wọn ló gbẹ́kẹ̀ lé mi, àwọn òmùgọ̀ ènìyàn! Bí wọ́n bá sì ń gbá ara wọn létí lórí ìtàgé, èmi náà ni mo máa ń gbá pákó méjì mọ́ra kí ó lè dún, nítorí ọwọ́ òṣèré kì í kan ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Ọ̀gá ló ni ẹgbẹ́, ìyàwó rẹ̀ sì ni àgbà òṣèrébìnrin wa. Nígbà tí a fẹ́ ṣe eré àtijọ́ kan, ti ọba tó gba ọlọ́fófó gbọ́ títí tó fi fọwọ́ ara rẹ̀ pa ayaba tí kò ṣẹ̀, mo lọ bá Ọ̀gá. Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí n ṣe ọlọ́fófó yìí. Mo mọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ láti orí dé ìdí." Ọ̀gá fọwọ́ lù mí léjìká. Ó ní, "Aránnilétí, o mọ̀ ọ́n lóòótọ́, ṣùgbọ́n ta ni yóò gbọ́ ọ? Ẹ̀yìn kọ́tìnì ni tìrẹ." Gbogbo ẹgbẹ́ bú sẹ́rìn-ín. Ẹni tí à ń pè ní Ẹlẹ́rìn-ín ni Ọ̀gá fún ní ipò náà, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ẹgbẹ́, tó jẹ́ pé ẹ̀rín ẹnu rẹ̀ nìkan ló mú wá. Ìwé kíkà pàápàá, ó ń ṣe é bí ẹni ń yọ ẹ̀gún. Èmi tí mo mọ ọ̀rọ̀ gbogbo ènìyàn, ẹni tí kò mọ tara rẹ̀ ni wọ́n gbé lé mi lórí! Mo ní kò burú. Bí wọn kò bá jẹ́ kí n ṣe ọlọ́fófó lójú agbo, n ó ṣe é níbi tí wọ́n fi mí sí.

Èmi fúnra mi ni mo tọ ìyàwó Ọ̀gá lọ. Mo ní, "Àǹtí, ẹ dákun, ẹ bá wa kọ́ ọmọkùnrin yìí ní ọ̀rọ̀ rẹ̀, kó má dójú tì wá." Ó ní, "Ẹ mà láàánú o, Bọ̀dá Aránnilétí." Àánú, ẹ gbọ́ o! Yàrá tí à ń kó aṣọ eré sí ni mo ní kí wọ́n ti máa ṣe é, èmi náà ni mo sì ń bá wọn ti ilẹ̀kùn, mo ní kí ariwo má baà dà wọ́n láàmú. Bí mo bá ti tì í tán, ó di ọ̀dọ̀ Ọ̀gá. N ó dúró síwájú rẹ̀, n ó máa họ orí.

"Kí ló dé?"

"Kò sí nǹkan, Ọ̀gá."

"Sọ̀rọ̀, jàre!"

"Ọ̀gá, ẹ má jẹ́ kí n di ẹni tó ń tú ilé ká. Mo kàn rí i pé ilẹ̀kùn yàrá aṣọ wà ní títì ni. Bóyá ọ̀rọ̀ eré náà ni wọ́n ń kọ́."

"Bóyá" yẹn ni májèlé. Kò sí irọ́ kankan níbẹ̀, ẹ rò ó wò! Ọkùnrin tó ń bú ramúramù lórí ìtàgé wá bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ rìn lẹ́yìn ìyàwó rẹ̀. Nígbà tí obìnrin náà sọ fún un pé òun lóyún, ó béèrè pé, "Ti ta ni?" Obìnrin náà rò pé àwàdà ni, ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn tún dá kún ọ̀rọ̀.

Ibi tó burú jù nìyí. Ọ̀sán ọjọ́ tí a kọ́kọ́ gbé eré náà jáde, èrò kún inú gbọ̀ngàn fọ́fọ́. Ó kù díẹ̀ kí eré parí, ìyàwó Ọ̀gá tó ń ṣe ayaba wà lórí ìkúnlẹ̀, Ọ̀gá dúró lókè orí rẹ̀ nínú aṣọ ọba. Ó yẹ kí obìnrin náà sọ pé, "Kábíyèsí, olówó orí mi, ìwọ nìkan ni ọkàn mi mọ̀." Oyún àti àìsùn ti dá a lágara. Ó dákẹ́. Ó yí ojú sí apá ọ̀dọ̀ mi díẹ̀, bí gbogbo wọn ti máa ń ṣe. Ọ̀rọ̀ náà wà lábẹ́ ìka mi, mo rí i kedere. Ṣùgbọ́n ohun tí mo sọ sí i wúyẹ́wúyẹ́ ni, "Ẹlẹ́rìn-ín, olówó orí mi." Ó gbà á bí ó ṣe máa ń gbà á, ó sì sọ ọ́ jáde pẹ̀lú ohùn rẹ̀ tó ń dé àga tó kẹ́yìn: "Ẹlẹ́rìn-ín, olówó orí mi, ìwọ nìkan ni ọkàn mi mọ̀." Ibẹ̀ ló yẹ kí ọba ti gbá a létí. Pákó méjèèjì wà nílẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ mi, mi ò fọwọ́ kàn wọ́n. Ìgbátí náà dún. Obìnrin náà ṣubú lulẹ̀ gbì. Àwọn òǹwòran rò pé bí ìwé ṣe wí nìyẹn, wọ́n dìde, wọ́n pàtẹ́wọ́ títí.

Ẹ dúró. Mo ní ibẹ̀ ló burú jù? Irọ́ ni mo tún ń pa yẹn. Ibi tó burú jù ni ìgbà tó wá bá mi lẹ́yìn kọ́tìnì, tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti wú. Ó ní, "Bọ̀dá Aránnilétí, kí lẹ sọ fún mi?" Mo wo ojú rẹ̀. Mo ní, "Kábíyèsí ni mo sọ, Àǹtí. Bó ṣe wà nínú ìwé." Kò bú mi. Ká ní ó bú mi ni, bóyá ǹ bá jẹ́wọ́. Ó kàn fọwọ́ bo ẹnu rẹ̀, ó ní, "A jẹ́ pé ẹnu mi ló ṣì í sọ." Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, Ọ̀gá ti kó ẹrù ìyàwó rẹ̀ síta. Ó ní, "Ẹni tí ẹnu rẹ pè ni kó wá gba oyún rẹ." Ẹlẹ́rìn-ín ti fẹsẹ̀ fẹ, a kò rí i mọ́. Obìnrin náà bí ọmọbìnrin kan tó gbé iwájú orí Ọ̀gá wáyé, Ọ̀gá ò sì fojú kàn án títí di òní. Ìyá ọmọ náà kò gun orí ìtàgé mọ́. Wọ́n ní bó bá fẹ́ pe ọmọ rẹ̀ pàápàá, yóò kọ́kọ́ dúró, yóò rò ó, kó má baà ṣi orúkọ pè. Ipò ọlọ́fófó ńkọ́? Ọ̀gá pa eré náà tì. Òfo ni gbogbo rẹ̀ já sí fún mi.

Mo kọ́kọ́ jẹ́wọ́ fún àbúrò mi. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, àìsàn ló ń sọ̀rọ̀. Ẹ lo oògùn yín." Mo bá dìde, mo lọ bá Ọ̀gá nílé. Ó ti darúgbó, àwòrán ara rẹ̀ nínú aṣọ ọba ló kún ara ògiri. Mo dọ̀bálẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀, látorí ilẹ̀kùn dórí orúkọ. Ohùn mi há, mo tún fà á jáde. Mo sunkún. Nígbà tí mo parí, ó tẹjú mọ́ mi, mo ní ó ti wọ̀ ọ́ lára. Ó ní, "Ìyá ọmọ yẹn ló rán ọ wá." Mo ní, "Ọ̀gá, mo fi ẹ̀mí mi búra!" Ni ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́, díẹ̀díẹ̀, ojú rẹ̀ ń dán. Ó ní, "Aránnilétí! Ẹkún yẹn, níbo lo fi pa mọ́ sí láti ọjọ́ yìí? Mo mà ṣe àṣìṣe o. Ìwọ ló yẹ kí n fún ní ọlọ́fófó yẹn ṣe."

Ọ̀rọ̀ tí mo fi gbogbo ayé mi wá lẹ́nu ọkùnrin yẹn nìyẹn. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fi orí gbálẹ̀. Irọ́ mi, ọ̀rọ̀ kan péré ni, ó tà lójú ẹsẹ̀. Òtítọ́ mi rèé, mo ń kiri rẹ̀ láti ilé dé ilé, kò sẹ́ni tó béèrè iye tí mò ń tà á.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí wọn kò bá fún yín ní àyè tó tọ́ sí yín, ẹ pariwo, ẹ jà, ẹ kó ẹrù yín kúrò níbẹ̀. Ẹ má ṣe sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́.

Ìwọ ọmọ Àǹtí, bí ìwé yìí bá dé ọwọ́ rẹ, mo bẹ̀ ọ́, kà á sókè fún ìyá rẹ, nítorí ohùn tèmi kò ní sí mọ́ nígbà náà. Mi ò ní kí ó dárí jì mí lónìí. Kí ó kọ́kọ́ gbà mí gbọ́ ná. Ẹnu rẹ̀ kò ṣẹ̀. "Kábíyèsí" ló wà nínú ìwé. Èmi ni mo sọ "Ẹlẹ́rìn-ín." Bí o bá kà á tán, bọ́ síta, kí o ní kí ó pè ọ́ lórúkọ, kíákíá, láìdúró rò ó.