Bí Mo Ṣe Rí Dádì Nínú Ọjà Penang

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ kúnlẹ̀ ná kí n tó sọ̀rọ̀. Ọlọ́run tó ni òkun, tó tún ni èbúté, mo wá dúpẹ́ o.

Ẹ̀yin ará, ẹ mọ̀ pé ó pẹ́ tí àìsàn ìgbàgbé ti ń bá ọkọ mi jà. Àwọn ọmọ wa ní ká lọ cruise, ìrìn àjò afẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi, ká fẹ́ atẹ́gùn sára. Mo ní kí ni èmi ìyá àgbà tó ń gbé Stafford, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Houston níbí, ń wá lórí òkun? Ṣùgbọ́n a lọ. Ha, Ọlọ́run tóbi! A rí Singapore, ilé tó ga débi pé ọrùn ń dun èèyàn. Lọ́jọ́ tá a wọ Hong Kong láàárọ̀, tí òkè yọ láàárín ìkùukùu, ńṣe ni omijé bọ́ lójú mi. Dádì, bí mo ṣe ń pe ọkọ mi nìyẹn, wò mí, wọ́n ní, "Ta ló lù yín, mà?" Wọn ò mọ̀ pé ìyàwó àwọn ni mí mọ́.

Ìgbà tá a dé Penang, ní Malaysia, a wọ ọjà. Mo bẹ̀rẹ̀ wo èso ẹlẹ́gùn-ún kan tó ń rùn. Bí mo ṣe gbójú sókè, Dádì ti lọ. Fóònù wọn wà nínú báàgì mi, ọkọ̀ wa sì ti fẹ́ ṣí, kì í sì í dúró de ẹnikẹ́ni.

Mo ń sáré kiri, mo ń ké Dádì, Dádì. Àwọn òyìnbó tá a jọ wọkọ̀ bá mi wá wọn o, àṣé bàbá tó bí mi ni wọ́n ń wá, arúgbó kùjọ́kùjọ́! Mo ní Olúwa, má jẹ̀ẹ́ kí n dá nìkan padà sí Houston.

Ló bá sọ sí mi lọ́kàn: kí ni ìyá wọn ń pè wọ́n? Ẹ̀yin ará, látìgbà tí mo ti wọlé ọkọ, mi ò pe orúkọ wọn rí. Bí wọ́n ṣe kọ́ mi nílé nìyẹn. Mo gbé ìtìjú tà. Mo lanu, mo pariwo: "Àjàní o!"

Ẹ̀yìn ìsọ̀ ẹlẹ́fọ̀ọ́ kan ni mo ti gbọ́ "Mà! Mò ń bọ̀, mà!" Wọ́n jókòó ti ìyá arúgbó kan, wọ́n ń bá a ṣa ẹ̀fọ́. Wọ́n dìde, wọ́n wo ojú mi dáadáa.

"Àbẹ̀kẹ́, ta ló pa ẹ́ lẹ́kún?"

Orúkọ mi! Mo dì mọ́ wọn láàárín ọjà. A sì bá ọkọ̀.

Mi ò ní parọ́ nínú ilé Ọlọ́run, ilẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ kejì, wọ́n ti tún ń pè mí ní mà. Àwọn ló jókòó lẹ́yìn lọ́hùn-ún yẹn, wọn ò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ àwọn là ń sọ. Ẹ jẹ́ kí n pè wọ́n kẹ́ ẹ gbọ́.

Àjàní o!

Ẹ wò wọ́n, wọ́n ti dìde. Ẹ bá mi yọ̀, ẹ bá mi fògo f'Ọ́lọ́run.