Ẹrù Ọ̀jọ̀gbọ́n Òkè Òkun Tí Mo Gbé Pamọ́ Sórí Àjà

Ẹ̀yin òǹkàwé, ọdún mẹ́ta ni mo ti gbé ọ̀rọ̀ yìí sọ́rùn. Ǹ bá má sọ ọ́ láé, àmọ́ wọ́n fẹ́ fi ìyà ẹ̀ṣẹ̀ mi jẹ aláìṣẹ̀, ìdí tí mo fi gbé bíírò nìyẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á tán kí ẹ tó bú mi. Ẹni tí kò bá lè dúró, kó máa bú mi lọ. Ó ti mọ́ mi lára.

Ìwé mẹ́fà ni mo kà. Mo ń ra kòkó nígbà kan, iṣẹ́ yẹn ló jẹ́ kí n ní àpótí lẹ́tà ní póòsì ọ́fíìsì. Gbogbo ẹbí ló ń gba lẹ́tà níbẹ̀, ọwọ́ mi ni kọ́kọ́rọ́ sì wà. Mojí, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, olùkọ́ ni ní yunifásítì níbí. Nígbà tí àwọn olùkọ́ yanṣẹ́ lódì, tí ibi gbogbo wà ní títì pa, ó kó kọ̀ǹpútà kan àti akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin wá sí pálọ̀ mi ní àdúgbò Mayfair. Gbogbo ọ̀sán Sátidé ni wọ́n ń pé síbẹ̀.

Mo bi í pé kí ni wọ́n ń wá gan-an. Ó ní, "Bàbá kékeré, ohun tí a jogún lára òbí wà káàkiri gbogbo ara wa. Kí ló wá dé tí èyí tó wà fún ojú fi ń ṣiṣẹ́ ní ojú, tó dákẹ́ jẹ́ẹ́ ní àtẹ́lẹsẹ̀? Ohun tó ń jí i, tó sì ń mú un dákẹ́, là ń fi kọ̀ǹpútà wá."

Ìyàwó mi ní ó ti yé òun: gílóòbù wà ní gbogbo yàrá wa, àwọn oníná ló ń pinnu èyí tó máa tàn. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Láńre, ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà, kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀.

Mojí kọ̀wé sí ọ̀jọ̀gbọ́n kan lókè òkun pé kó fi àkọsílẹ̀ tí wọ́n máa fi ṣiṣẹ́ ránṣẹ́. Nọ́ńbà àpótí mi ló fún un.

Ẹ rántí pé àsìkò ológun nìyẹn. Lọ́jọ́ kan mo lọ ra ẹ̀wà ní Sábó, ni Àlàájì tó ń tà á bá rọra bi mí pé, "Bàbá, ìpàdé kí ni wọ́n ń ṣe nílé yín ní Sátidé? Ẹ ṣọ́ra o." Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ẹrù náà dé: dísíkẹ́ẹ̀tì kọ̀ǹpútà mẹ́wàá àti lẹ́tà. Ẹnì kan ti tú u, ó sì ti tún un dì.

Mo ní àwọn ṣójà ti kà á, mo ti wọ gàù. Mo fẹ́ sun ún, ẹ̀rù èéfín bà mí. Ni mo bá gbé e sórí àjà, mo sì gbé àkàbà pamọ́, bí ẹni pé àwọn ṣójà ò lè mú àkàbà tiwọn wá.

Lẹ́yìn oṣù méjì, akọ̀wé póòsì sọ fún mi pé àwọn aṣọ́bodè ló ń tú gbogbo ẹrù tó bá ti òkè òkun wá, àbí mo rò pé tèmi nìkan ni? Ẹ̀rù tán. Ó ku ìtìjú.

Nígbà yẹn, Mojí tí kò rí èsì kankan ti sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ pé, "Ọ̀jọ̀gbọ́n yìí ò kà wá sí. Ẹ jẹ́ ká ṣe tiwa." Wọ́n sì ṣe é. Wọ́n ń wọ mọ́tò lọ sí Ìbàdàn, Àkúrẹ́ àti Ìlọrin, wọ́n ń tọrọ àkọsílẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó bá ní díẹ̀. Wọ́n ṣòfin kan: ẹni tó bá kọ́ nǹkan ní Sátidé yìí, òun ló máa kọ́ ẹni tuntun ní Sátidé tó ń bọ̀. Mo fojú mi rí ọ̀gá olórí ewú kan tí ọmọbìnrin kékeré ń pariwo mọ́ pé, "Ẹ má tẹ ìyẹn, sà!" Àga ò tó mọ́, mo lọ yá bẹ́ǹṣì ní Ìlódè. Wọ́n di ẹgbẹ́, wọ́n sì fi mí ṣe Bàbá Ẹgbẹ́. Oyè náà dùn, n ò ní parọ́. Ta ló máa gbé ẹrù sọ̀ kalẹ̀ lórí àjà kó fi pàdánù oyè?

Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé mo ba ẹgbẹ́ jẹ́. Ìbínú tí wọ́n ń bí sí ọ̀jọ̀gbọ́n yẹn ló dá a sílẹ̀. Ká ní ẹrù náà tètè tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́ ni, bóyá àwọn márùn-ún náà ni wọn ì bá ṣì jẹ́ dòní. Ẹni tí kò bẹ̀rù ṣójà láyé ìgbà yẹn, kó jáde wá bá mi wí.

Àmọ́ ní Sátidé tó kọjá, Mojí ka lẹ́tà tuntun kan tó bá a ní yunifásítì sétí gbogbo wa. Ọ̀jọ̀gbọ́n yẹn ń bọ̀ ní Ìbàdàn, ó fẹ́ yà lọ́dọ̀ wọn fún ọ̀sẹ̀ méjì, kó kọ́ wọn ní ohun tó mọ̀. Ó ní òun fi ẹrù ránṣẹ́ nígbà náà, òun ò gbúròó wọn.

Mojí ní, "Irọ́ funfun báláú!"

Láńre ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ jẹ́ ká gbọ́ tẹnu ẹ̀ ná."

Mojí kọjú sí mi. "Bàbá kékeré, ẹ̀yin lẹ̀ ń ṣí àpótí. Ṣé ẹ rí ẹrù kankan?"

Gbogbo wọn ń wò mí. Mo ní, "Ẹrù? Ẹrù wo?"

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Wọ́n ní àwọn máa kọ̀wé sí i pé kó má wá. Láńre nìkan ni kò pàtẹ́wọ́.

Gbígbé tí mo gbé ẹrù náà pamọ́ nígbà yẹn, ìbẹ̀rù ló mú mi ṣe é. Irọ́ Sátidé tó kọjá, èmi fúnra mi ni mo pa á. Ọkùnrin náà ò ṣẹ̀ mí. Ọdún mẹ́ta ni wọ́n fi ń pè é ní agbéraga nínú pálọ̀ mi, tí èmi náà ń bá wọn dá sí i.

Mojí máa ń ka ojú ìwé yìí nínú ìwé ìròyìn fún ìyàwó mi, wọ́n á sì máa fi àwọn tó ń kọ̀wé síbí rẹ́rìn-ín. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ọ́ síbí, torí akọni bíi tèmi ò lè wo ọmọ ẹ̀gbọ́n ẹ̀ lójú kó sọ ọ́. Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́. Ẹ sì sọ fún mi: kí ni mo máa wí fún àlejò náà bó bá dé?

Mojí, èmi ni. Kọ̀wé sí ọkùnrin yẹn lónìí, ní kó máa bọ̀. Ẹ̀yìn ìyẹn ni kó o wá bá mi jà. Mo wà nílé, n ò sá lọ síbì kankan.