Ológbò Tí Mo Ní Ó Sá Lọ

Dókítà fa àkọ́bí mi sí kọ̀rọ̀ lánàá, ó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, ṣùgbọ́n etí mi kò tíì kú bí ara mi. Ọjọ́ tó kù fún mi kò pọ̀. Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ jókòó. Ẹni tó bá fẹ́ sunkún, kó kọ́kọ́ gbọ́ ohun tó fẹ́ sunkún lé lórí. Èmi ni mo kọ́ ara mi ní ìwé, mi ò sì mọ ọ̀rọ̀ dídùn-dídùn ún sọ. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá ń wí fún àlejò pé, "Ìyá wa ló tọ́jú bàbá wa dójú ikú," ṣe ni ó ń gún mi bí abẹ́rẹ́. Ẹ gbọ́ bí mo ṣe tọ́jú rẹ̀.

Ẹ rántí Ọ̀gá, ológbò aláwọ̀ eérú tí àbígbẹ̀yìn mú wá fún bàbá yín nígbà tí àìsàn dá a dùbúlẹ̀, tí ọwọ́ tó fi ń tún aago ṣe bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n. Bàbá yín ló sọ ọ́ lórúkọ. Ó ní láti ìgbà tí òun ti ń ṣiṣẹ́ aago, òun kò ní ọ̀gá rí, àfi ìgbà tí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin kan wá ń jí òun láràárọ̀. Orí ẹsẹ̀ bàbá yín ni ológbò yẹn ń sùn sí.

Ọwọ́ mi ni owó ìtọ́jú ológbò náà wà, mo sì mọ bí a ti ń dín in kù. Orí ẹja tí ẹlẹ́ja fẹ́ dà nù ni mo ń sè fún un. Yanrìn tó ń yàgbẹ́ sí, mo ń tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn bíríkìlà. Aṣọ tí oníbàárà kó wá fún mi láti fọ̀ tí kò padà wá gbà ni mo tẹ́ fún un. Kò sí ohun tó burú nínú ìyẹn. Ká ní mo mọ ibi tó yẹ kí n dúró, n kì bá tí pè yín jọ. Ìṣúná ni mo ń pè é. Ahun ni.

Lọ́jọ́ kan Ọ̀gá já láti orí ògiri, ó ń tiro. Bàbá yín fa owó yọ lábẹ́ ìrọ̀rí, ó ní, "Ìyá wọn, jọ̀wọ́, gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko." Mo gbé e sínú agbọ̀n, mo jáde. Ọ̀dọ̀ ọ̀rẹ́ mi aránṣọ ni mo yà sí. Ó wo inú agbọ̀n, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Ìyá Alágbàfọ̀! Dókítà fún ológbò? Èmi tí mo bí mẹ́rin, ta ló gbé mi lọ rí? Fún un ní ìdajì oògùn ẹ̀fọ́rí, kó lọ sùn."

"Ṣé kò ní ṣe é ní nǹkan?"

"Ohun tí ènìyàn ń lò? Àbí ológbò ju ènìyàn lọ ni?"

Mo jókòó tì í títí di ìgbà tó yẹ kí n ti máa bọ̀ láti ilé dókítà. Mo lè sọ fún yín pé oògùn bàbá yín ni mo fi owó náà rà. Irọ́ ni. Áyọ́ọ̀nù ni mo rà, torí èyí tí mo ní ti ń jó aṣọ oníbàárà. Mo délé, mo ní dókítà ti fún wa lóògùn.

Mo fún Ọ̀gá ní ìdajì nírọ̀lẹ́, mo fún un ní ìdajì láàárọ̀. Ojú rẹ̀ wú, ètè rẹ̀ dúdú, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Mo gbé e lọ sẹ́yìnkùlé kí bàbá yín má baà gbọ́. Kí oòrùn tó kan àtàrí, ó ti kú. Èmi àti aránṣọ la sin ín sábẹ́ okùn tí mo ń sá aṣọ sí. Kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní, "Sọ pé ó sá lọ. Ológbò a máa sá lọ."

Bàbá yín gbà mí gbọ́. Lójoojúmọ́, ní ìrọ̀lẹ́, á ní kí n gbé òun dìde sójú fèrèsé, á máa pe: "Ọ̀gá! Ọ̀gá o! Ilẹ̀ ń ṣú o!" Ohùn yẹn kò lè dé ẹnu ọ̀nà. Ó ní kí n máa gbé oúnjẹ síta, mo ń gbé e, ẹyẹ ń jẹ ẹ́. Èmi tí mo fi ọwọ́ mi bu iyẹ̀pẹ̀ bò ó, èmi náà á máa wo orí ògiri, bí ẹni pé bó bá pè é dáadáa, yóò jáde wá.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, mi ò lè fara dà á mọ́. Òkìtì aṣọ wà níwájú mi, bàbá yín tún bẹ̀rẹ̀: "Ìyá wọn, kí lo rò pé ó lé e lọ?"

Mo ní, "Òórùn àìsàn yín ni. Ẹranko kì í fẹ́ irú rẹ̀."

Kò pe Ọ̀gá mọ́ títí ó fi kú. Ohun tó ń bèèrè ni bóyá mo lè máa wẹ òun lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́. Bí ẹ bá wá kí i, á ní kí ẹ jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Ẹ rò pé àìsàn ló jẹ́ kó fẹ́ dá wà. Nígbà tí àkọ́bí gbé ọmọ rẹ̀ wá, ó ní kí ó má gbé e sún mọ́ òun. Òkèèrè ló ti wo ọmọ-ọmọ rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín sí i.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí owó ò bá tó, ẹ sọ pé owó ò tó. Ojú á tì yín, ẹ ò ní kú. Ká ní mo sọ òtítọ́ fún un, ìbá bú mi, ìbá sunkún, ìbá sì dárí jì mí, torí irú ènìyàn tó jẹ́ nìyẹn.

Àárò rẹ̀ ń sọ mí. Òórùn ọṣẹ àti òróró aago ni mo ń gbọ́ lára rẹ̀, títí dé ọjọ́ ìkẹyìn. Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti ń wá òórùn yẹn nínú ìrọ̀rí rẹ̀.

Ẹsẹ̀ mi kò lè gbé mi dé ibojì bàbá yín mọ́. Kí ẹ tó rò ó bóyá ẹ ó dárí jì mí, ẹ bá mi lọ síbẹ̀. Àbígbẹ̀yìn, ìwọ lo mú ológbò wá, ìwọ ni kí o sọ̀rọ̀. Má ṣe dúró lókèèrè. Sún mọ́ ọn, kúnlẹ̀, kí o sọ fún un pé Ìyá wọn ní irọ́ ni òun pa, pé kò rùn rí.