Gbólóhùn Tí Kò Sí Nínú Ìwé Baba

Ẹ̀yin ọmọ ilé yìí, ẹ jókòó. Dókítà ti sọ tirẹ̀, ara mi náà sì ti jẹ́rìí sí i. Mi ò ní gbé ọ̀rọ̀ yìí sùn sínú ilẹ̀. Gbólóhùn tí Baba fẹ́ràn jù, èyí tí gbogbo yín mọ̀ sórí, "Bàbá tó tilẹ̀kùn mọ́ ọmọ síta, ara rẹ̀ ló tì mọ́lé," kò sí nínú ìwé kankan. Èmi ni mo hùmọ̀ rẹ̀.

Ẹ má lanu sílẹ̀. Nígbà tí ojú Baba, bàbá ọkọ mi, fọ́, èmi ni mo máa ń kàwé fún un ní ìyàrá iwájú bí mo bá ti ibi iṣẹ́ ìránṣọ dé. Ó ti lé àbúrò ọkọ mi jáde nílé torí pé ó fẹ́ ẹni tí Baba kò fẹ́, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ dárúkọ ọmọ náà. Ọkọ mi, kìnnìún níta, àgùntàn níwájú bàbá rẹ̀, kò lè fọhùn. Lọ́jọ́ kan, mo ń ka ìtàn atukọ̀ kan lọ, ni mo bá ki ọ̀rọ̀ tèmi bọ àárín ti òǹkọ̀wé. Ohùn mi ò tilẹ̀ gbọ̀n. Baba gbọ́wọ́ sókè. "Dúró, ìyàwó. Èmi lẹni yìí ń bá wí." Omi ń bọ́ lójú tí kò ríran.

Lọ́jọ́ kejì, ó ní kí n tún un kà. Mo ti gbàgbé bí mo ṣe tò ó. Mo gbé e gba ibòmíràn. Ó ní, "Báyìí kọ́ lo kà á lánàá." Ẹ wò ó, ibẹ̀ ni mo ti di ìkà. Mo dáhùn pé, "Ọjọ́ ogbó ni, Baba. Iyè yín ti ń ra." Ọkùnrin tí iyè rẹ̀ mú ju abẹ lọ! Láti ọjọ́ náà, bó bá ń sọ̀rọ̀, á dúró lágbedeméjì, á ní, "Ìyàwó, ṣé bẹ́ẹ̀ ni, àbí mo tún ti gbàgbé?" Èmi á panu mọ́. Títí ó fi kú, kò gba ara rẹ̀ gbọ́ mọ́.

Ṣùgbọ́n oṣù yẹn kò parí tó fi ní kí wọ́n pe ọmọ òun wá. Mo tan afọ́jú. Bó bá tún di òní, n óo tún tàn án. Ẹ bi àbúrò ọkọ mi tó jókòó síbẹ̀ yẹn bóyá ó fẹ́ kí n kó ọ̀rọ̀ mi jẹ. Mi ò tọrọ àforíjì gbólóhùn yẹn lọ́wọ́ ẹnì kankan. Iyè Baba tí mo bà jẹ́ ni mo kúnlẹ̀ fún. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, irọ́ àkọ́kọ́ mi mú ọmọ wọlé. Èyí tí mo fi bò ó ló jí bàbá gbé.