Igi Ewúro Inú Ọ̀rá

Mo pọn ọmọ mi, mo tò láti ra iyẹ̀pẹ̀ òdòdó ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Sharpstown, nílùú òyìnbó níbí, ìyá kan tó di igi ewúro mú nínú ọ̀rá sì ń bá ọmọkùnrin rẹ̀ wí níwájú mi.

"Mọ́mì, ẹ má bínú. Mò ń ro yáàdì ni, mo rò pé ó ti kú ni mo ṣe hú u."

"Òtútù ló jẹ ewé rẹ̀, ọ̀gbẹ́ni kánjúkánjú! Mo ha èèpo rẹ̀, inú rẹ̀ ṣì tutù, kò tíì kú."

"Ewúro kún ṣọ́ọ̀bù àwọn ará wa. Màá rà á fún yín."

"Ìyá mi ni wọ́n gé èyí fún mi lẹ́yìnkùlé wa. A ti sin wọ́n, a ti ta ilé náà. Ibo ni mo tún fẹ́ lọ gé òmíràn?"

Ọmọkùnrin náà gba ọ̀rá náà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Ó fọwọ́ méjèèjì gbé e bí ẹni gbé ọmọ tuntun.