Ẹja Tó Ń Bímọ Sórí Iyanrìn

A tò sórí iyanrìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ èbúté Tema, à ń retí ọkọ̀ ojú omi tó máa kó àwa tí ìjọba Gánà ní ká jáde, ni mo gbọ́ tí ìyá kan tó ń ta ẹja oníyọ̀ ń bá aboyún iwájú mi sọ̀rọ̀.

"Oṣù mélòó ni, ọmọ mi?"

"Méje, Màmá. Inú ti ń run mí láti àárọ̀."

"Yéè! Ẹja pẹlẹbẹ tó ń fi ìrù gún èèyàn yẹn, kì í yé ẹyin, ọmọ ló ń bí. Bí wọ́n bá fi àwọ̀n fà á jáde tipátipá, orí iyanrìn ló máa bí i sí láìtọ́jọ́. Ọmọ náà á ká bí ẹní, ẹ̀gún ìrù rẹ̀ ò ní tíì le."

"Kí ni wọ́n ń fi ọmọ náà ṣe?"

"Àwọn apẹja a máa jù ú padà sínú omi tí ìyá rẹ̀ ti wá."

"Kokomlemle ní Gánà níbí ni wọ́n bí ìyá mi sí, Màmá. Ibẹ̀ náà ni wọ́n bí èmi sí. Omi wo ni wọ́n máa ju ọmọ tèmi padà sí?"

Màmá tú ìró òkè rẹ̀, ó sì tẹ́ ẹ fún un sórí iyanrìn.