Ewúrẹ́ Spas Gerginov

Fáda Evtimi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì gbé àwo tùràrí yẹn! Ẹ gbé e kalẹ̀, ẹ jókòó, ẹ gbọ́ tèmi ná. Òkú tí wọ́n ní kí ẹ wá ṣàdúrà fún ní ilé ìkàwé láago mẹ́fà òní, kò sí òkú níbẹ̀. Mo ní kò sí! Spas Gerginov ò kú. Báwo ni yóò ṣe kú, ẹni tí ìyá kankan ò bí? Èmi Nevena tí ẹ ń wò yìí, èmi ni mo dá a, èmi náà ni mo pa á, inú rere ni mo sì fi ṣe méjèèjì, Ọlọ́run tó ni ilé yìí gbọ́!

Rárá o, orí mi pé, n ò fẹnu kan ọtí rakíà. Ṣé nítorí mo ń pariwo lẹ ṣe ń wò mí bẹ́ẹ̀? Kí ló máa ṣe mí tí n ò ní í pariwo! Aago mẹ́rin ti lù, wákàtí méjì ló kù, gbogbo ìlú ló ń bọ̀, mo ti wá ọ̀nà àbáyọ títí, n ò rí. Ẹ gbà mí, Fáda.

Kí n bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀? Lyudmil ni ìbẹ̀rẹ̀! Lyudmil onítẹ̀wé, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdókọ̀, òun ni wọ́n fi ṣe alága ìgbìmọ̀ àmì-ẹ̀yẹ ìlú. Ẹ mọ̀ pé ọdọọdún la máa ń yẹ àwọn tó ń kọrin sí, àwọn tó ń hun aṣọ, àwọn tó ń jó. Lọ́dún yìí ni wọ́n ní ó yá, kí àwọn tó ń ya àwòrán lórí kọ̀ǹpútà náà gba tiwọn, kí ará ìlú dìbò yan ẹni tó dára jù. Èmi akọ̀wé ilé ìkàwé ni wọ́n ní kí n to ìsọ̀rí rẹ̀. Inú mi sì dùn! Òmùgọ̀ ni mí, inú mi dùn!

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko la fi jà lórí ìsọ̀rí, Fáda. Lyudmil ní kọ̀ǹpútà ni gbogbo rẹ̀, kí a dà á pọ̀ sójú kan. Mo ní kí la fẹ́ dà pọ̀? Ẹni tó ń fi kálámù yà á lórí gíláàsì kọ̀ǹpútà, ẹni tó ń tún fọ́tò ṣe, ẹni tó ń mú kí àwòrán máa rìn, àti ẹni tó kàn sọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta fún ẹ̀rọ, tí ẹ̀rọ bá a yà á tán kó tó mu kọfí rẹ̀ tán? Ṣé ẹni tó gbin àgbàdo àti ẹni tó ra gúgúrú la fẹ́ máa jọ pè ní àgbẹ̀? Mo lu tábìlì títí ọwọ́ mi fi wú. Nígbà tó yá ó gbà, ó ní ó dáa, ìsọ̀rí mẹ́rin. Mo ní ó ku ọ̀kan, ó ku Àwòrán Oníhóró. Ó ní kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?

Kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀! Iṣẹ́ Bàbá Stamen ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀! Ta ni kò mọ Bàbá Stamen? Òun ló kọ́ gbogbo wa, àti Lyudmil alára, nínú yàrá abẹ́lẹ̀ ilé ìkàwé, nígbà tí kọ̀ǹpútà tó wà ní ìlú yìí ò ju mẹ́ta lọ. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí nígbà tó di ọwọ́ mi mú, tó ní, “Nevena, má kánjú. Hóró kan, lẹ́yìn náà hóró kan.” Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń yà á, ẹ ó máa to igun mẹ́rin wẹ́wẹ́, àwọ̀ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọ̀ kan, bí ẹni ń sin ìlẹ̀kẹ̀, títí ojú èèyàn yóò fi yọ níbẹ̀. Oṣù mọ́kànlá ni bàbá yìí fi to ibùdó ọkọ̀ ojú irin wa, àti fèrèsé kékeré tí ìyàwó rẹ̀ olóògbé ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì. Ìyàwó ọ̀hún wà nínú fèrèsé náà, Fáda! Hóró méje péré ni ojú rẹ̀, ẹ wò ó lẹ́ẹ̀kan báyìí, ẹ ó mọ̀ pé òun ni.

Ojú bàbá sì ń lọ. Dókítà ní kí a tó kórè àjàrà lọ́dún yìí, kò ní í rí ojú kọ̀ǹpútà mọ́. Èyí ni àṣemọ rẹ̀. Kí ni mo wá ń fẹ́ tó ju agbára lọ? Mo fẹ́ kó gun orí pèpéle lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí àwọn tó kọ́ dìde pàtẹ́wọ́ fún un, kó lè rí i kí ojú rẹ̀ tó kú. Ṣé ìyẹn pọ̀ jù? Ẹ sọ fún mi, ṣé ó pọ̀ jù?

Lyudmil gbà, àmọ́ ó ki òfin méjì bọ̀ ọ́. Ìkíní, ìsọ̀rí tí iṣẹ́ tó wọlé síbẹ̀ ò bá pé mẹ́ta, kí a pa á rẹ́. Ìkejì, ẹni tó bá wà nínú ìgbìmọ̀, bí èmi yìí, ò gbọdọ̀ bá wọn díje. Aago méjìlá ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì la fẹ́ ti ilẹ̀kùn ìforúkọsílẹ̀. Nígbà tó di aago mọ́kànlá ààbọ̀, mo wo Oníhóró: Bàbá Stamen wà níbẹ̀, ọmọbìnrin kan tó ń kàwé ní Sofia wà níbẹ̀, ó tán. Méjì! Mo pe èèyàn, wọn ò gbé e. Mo tún pe àwọn mìíràn, wọ́n ní àwọn wà lóko. Kí ni kí n ṣe? Kí n káwọ́ gbera, kí oṣù mọ́kànlá ṣòfò nítorí ẹnì kan tó dín? Mo jókòó, mo ya ewúrẹ́.

Ewúrẹ́ ni mo ní! Ewúrẹ́ kan lórí bàlíkónì, tó ń jẹ ìbọ̀sẹ̀ tí wọ́n sá. Ogún ìṣẹ́jú ni mo fi yà á, mo sì mọ̀ọ́mọ̀ yà á kó burú, kí ẹnikẹ́ni má baà dìbò fún un. Mo kọ orúkọ sí i, Spas Gerginov, ará Vidin, nítorí pé Vidin jìn. Mo tì í wọlé. Ó pé mẹ́ta. Mo sunkún ayọ̀, Fáda, mo gbé orí lé tábìlì, mo sunkún ayọ̀.

Wọ́n dìbò. Bàbá Stamen, méjìdínlógójì. Ewúrẹ́, mọ́kànlélọ́gọ́ta.

Ẹ ń rẹ́rìn-ín? Fáda, ẹ ń rẹ́rìn-ín? Gbogbo ìlú náà rẹ́rìn-ín, ohun tó jẹ́ kí wọ́n dìbò fún un nìyẹn! Ìyá oníbúrẹ́dì dá mi dúró lójú pópó, ó ní láti àárọ̀ lòun ti ń rántí bí ìbọ̀sẹ̀ yẹn ṣe rọ̀ lẹ́nu ẹran náà. Mo ń wo ẹnu rẹ̀, mo fẹ́ kígbe. Kí lẹ wí? Ẹ tún un sọ. Ẹ̀yin náà… ẹ̀yin náà dìbò fún ewúrẹ́? Áà! Ẹni tí a ní kó wá fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu!

Ẹ má bi mí pé kí ló dé tí n ò jẹ́wọ́ lọ́jọ́ náà. Bí mo bá jẹ́wọ́, ewúrẹ́ jáde, ó ku méjì, ìsọ̀rí kú, Bàbá Stamen lọ sílé lọ́wọ́ òfo. Bí n ò bá jẹ́wọ́, ewúrẹ́ ogún ìṣẹ́jú ló na oṣù mọ́kànlá lójú gbogbo ayé. Níwájú iná, lẹ́yìn iná! Ibo lẹ fẹ́ kí n gbà?

Lyudmil wá ní kí n pe Spas kó máa bọ̀ wá gba àmì-ẹ̀yẹ rẹ̀. Mo ní ara rẹ̀ ò yá. Mo rò pé yóò fi mí lọ́rùn sílẹ̀. Ọkùnrin tí kì í bẹ ìyá ara rẹ̀ wò, ó ní ká dìde, ká gbé oúnjẹ banítsà dání, ká lọ kí aláìsàn ní Vidin, òun lòun máa wakọ̀! Ó ti mú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́, ó ti ń wọ kóòtù! Ọ̀rọ̀ bọ́ lẹ́nu mi, mo ní, “Ó ti kú.” Ẹyin lohùn, Fáda, ó balẹ̀, ó fọ́. N ò sì ní í purọ́ fún yín nínú ilé yìí: lẹ́yìn tó bọ́ tán, ọkàn mi balẹ̀ díẹ̀. Mo ní bí ẹni àkọ́kọ́ bá kú, ṣé kì í ṣe ẹnì kejì ló kàn ni?

Kàkà kí ewé àgbọn rọ̀, kokoko ló ń le sí i! Lyudmil bú sẹ́kún. Ó ní àwa kọ́ la máa gba ohun tó tọ́ sí òkú lọ́wọ́ òkú. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti tẹ ìwé ìkéde òkú pẹ̀lú ìlà dúdú tó yí i ká, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn ilé ìkàwé, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ igi, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibùdókọ̀. Nígbà tí kò rí fọ́tò olóògbé, ewúrẹ́ ló fi síbẹ̀! Ẹ̀yin náà rí i! Mo rí àwọn ìyá àgbà tó dúró níwájú ewúrẹ́, tí wọ́n ń ṣe àmì àgbélébùú, tí wọ́n ń ní ọkùnrin yìí ò dàgbà kó tó lọ. Lyudmil wá fi èyí tó ga jù lé e, ó ní láti òní lọ, orúkọ ìsọ̀rí náà ni Àmì-Ẹ̀yẹ Ìrántí Spas Gerginov. Ìsọ̀rí mi! Èyí tí mo fi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà jà fún nítorí Bàbá Stamen!

Ta ló wá ń ru òkú náà kiri bí ẹbí? Bàbá Stamen ni! Ṣé kì í ṣe òun ló wá bẹ̀ yín kí ẹ wá ṣàdúrà? Òun ló se àlìkámà tí à ń jẹ ní ìrántí òkú, pẹ̀lú ojú yẹn, ó da ṣúgà lé e, ó fi èso ṣẹ́rí ya àgbélébùú sórí rẹ̀. Ó ń sọ fún mi ní ẹnu ọ̀nà pé, “Ó dùn mí, Nevena, ọkùnrin náà ì bá gbọ́n sí i ká ní ó pẹ́ láyé.” Mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu. Lyudmil tún kó òdòdó mẹ́rin yìí lé mi lọ́wọ́ pé kí n tò ó síwájú ewúrẹ́. Mẹ́rin! Mẹ́ta là ń kó fún alààyè, mẹ́rin là ń kó fún òkú, mo sì ti gbé mẹ́rin yìí la ìlú já, àwọn èèyàn ń ṣí fìlà fún mi, wọ́n ń ní kú àjálù!

Ó ku èyí tó burú jù. Láàárọ̀ yìí, bàbá wá bá mi, ó gbé ìwé tó ká roboto yìí fún mi, tó fi òwú pupa dì. Ó ní òun ti ya àwòrán olóògbé, kí wọ́n lè yọ ewúrẹ́ kúrò. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló fi to hóró, Fáda! Ọjọ́ mẹ́sàn-án nínú ìwọ̀nba ojú tó kù fún un, ó fi ta ẹni tí kò sí lọ́rẹ! Ó ní, “Rí i pé o tú u kí aago mẹ́fà tó lù.” N ò tú u. Ojú wo ni kí n fi wò ó? Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ń bá a, tèmi ò tiẹ̀ tíì pé oṣù kan tó ti ń ṣe mí báyìí.

Kí n tú u níbí? Rárá. Ẹ̀yin ni kí ẹ tú u. Ẹ ò fẹ́? Ó dáa. Ó dáa, ẹ sún mọ́ fèrèsé, ẹ bá mi di etí rẹ̀ mú.

Ó dé fìlà. Ó ní irunmú, irunmú ńlá bí ti ṣọ́jà àtijọ́. Imú rẹ̀…

Fáda. Imú ta nìyí? Ẹ wo gíláàsì ojú tó fi okùn so kọ́rùn. Ẹ wo èjí. Ẹ wo àmì dúdú tó wà ní àgbọ̀n òsì, ẹ wò mí, ẹ tún wò ó! Èmi nìyí! Èmi ni bàbá yìí fi irunmú sí lẹ́nu! Ó mọ̀! Ó ti mọ̀ láti ọjọ́ tó ti fojú kan ewúrẹ́! Ṣé ọwọ́ tó fúnra rẹ̀ kọ́ ni kò ní í mọ̀?

Ẹ dúró, ó kọ nǹkan sísàlẹ̀, hóró hóró ló to lẹ́tà rẹ̀. “Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ewúrẹ́ rẹ gùn ju ti iwájú lọ. Báyìí kọ́ ni mo kọ́ ọ.” Ó tún kọ òmíràn. “Jẹ́wọ́ fún wọn lálẹ́ yìí, kí ojú mi tó lọ. Àmì-ẹ̀yẹ ò jẹ mí lógún. Ojú Lyudmil ni mo fẹ́ rí.”

Hà! Háà, hà-hà-hà! Fáda, ó se àlìkámà! Ó se odindi ìkòkò àlìkámà, ó wá bẹ̀ yín, ó ń bá mi kẹ́dùn lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo ojú mi! Àgbà burúkú! Ẹ jẹ́ kí n rẹ́rìn-ín, ẹkún ni, ẹ má dá mi lóhùn. Wọn yóò pa ìsọ̀rí náà rẹ́, mo mọ̀, òun náà mọ̀. Wọn yóò sì lé mi lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n lé mi.

Ẹ dìde, Fáda. Ẹ fi àwo tùràrí sílẹ̀, ẹ mú ṣíbí dání, a ó jẹ àlìkámà yẹn kó má ṣòfò. Ẹ gba òdòdó kan lọ́wọ́ mi, ẹ fi síwájú Ìyá Mímọ́. Ó ku mẹ́ta. Ẹ jẹ́ ká yára, mo fẹ́ gba àyè fún bàbá ní ìlà iwájú pátápátá, níbi tí yóò ti rí ojú Lyudmil dáadáa.